Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Abiyamọ

Ilẹ̀kùn Ilé Ìwọ̀n kọ̀ fún Fèyíkẹ́mi. Ó fọwọ́ tì í, kò mì. Ó fèjìká tì í, ohùn kan sì ti ara igi rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ pé kí ẹni tó ní aago láyà jọ̀wọ́ dúró de alágbàtọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún! Ẹni tó ń gun àpáta lójoojúmọ́ láti lọ tún àwọ̀n ìkùukùu ṣe, ẹni tí odidi ìlú Orí-Àpáta ń tipa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí omi mu, òun ni ilẹ̀kùn ń sọ fún pé kó dúró de ìyá rẹ̀ bí ọmọ jẹ́léósinmi. Fèyí ta ilẹ̀kùn náà ní ìpá. Ẹsẹ̀ dùn ún, ilẹ̀kùn ò tilẹ̀ mọ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára díẹ̀."

"Mò ń bọ̀, Àjíkẹ́. Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àtẹ̀gùn ga tó báyìí ni?"

Ìyá rẹ̀ gun àtẹ̀gùn dókè, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó di ògiri mú kó lè rí èémí fà. Fèyí tó gun àtẹ̀gùn kan náà kò mí bẹ́ẹ̀, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún: ẹsẹ̀ díẹ̀, ìsinmi díẹ̀, kí ọkàn tó bèèrè ni kéèyàn ti fún un. Ọgbọ́n tí ọkàn tó ní ihò láti inú oyún kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ni òfin ń bẹ̀rù fún nínú àwọn méjèèjì? Ìyá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, ó sì tún kí i káàbọ̀.

Inú gbọ̀ngàn tutù. Àwọn abiyamọ ti tò sórí bẹ́ǹṣì gígùn, kálukú pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀. Èyí tó kéré jù ṣì ń mu ọmú, èyí tó dàgbà jù ti hu irùngbọ̀n. Gbogbo àwọn ọmọ náà ló ní ẹ̀gbà lọ́wọ́. Ẹ̀gbà funfun, Ara Le nìyẹn. Ẹ̀gbà aláwọ̀ ewé, Àárín. Ẹ̀gbà pupa, Ẹlẹgẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kejì ní gbọ̀ngàn yẹn, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Ti Fèyí jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó sì ti ń ké pí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí iná aago tó ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀wò," ó sọ sí ìyá rẹ̀ létí. "Bí ẹ̀rọ bá bi yín pé ṣé ó máa ń rẹ̀ mí ńkọ́?"

"Nígbà míì."

"Bó bá ní ṣé mò ń láyọ̀?"

"Nígbà míì."

"Ṣé mò ń sùn dáadáa?"

"Nígbà míì. Fèyí, mo ti gbọ́. Èmi kì í ṣe òpè o."

"Mi ò pè yín lópè, Màámi. Àárín là ń wá, kí wọ́n fún mi ní iná aago, kí n sì lè máa gun àpáta mi. Ẹ má gbé mi ga, ẹ má sì rẹ̀ mí sílẹ̀."

Ìyá rẹ̀ tún gèlè wé. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jókòó síwájú ẹ̀rọ tó ń yan ẹ̀gbà fún ọmọ aláago nìyí. Bàbá Fèyí ló máa ń wá tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ó jáde láyé nígbà òjò tó kọjá. Òfin sì sọ pé títí ọmọ aláago yóò fi pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu alágbàtọ́ ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ alágbàtọ́ ló sì máa wúwo jù. Ọmọ lè sọ tirẹ̀ lẹ́yìn, bí àyè bá ṣẹ́kù. Ẹ gbọ́ irú òfin! Ẹni tó ni àyà, ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń gbé.

"Ẹlẹgẹ́ náà ò kúkú burú," ìyá rẹ̀ sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Wọ́n á fún ọ ní iná aago. Wàá wà nílé lọ́dọ̀ mi. Mò ń sè, ìwọ ń jẹ."

"Kí ilẹ̀kùn àpáta máa kọ̀ fún mi? Kí wọ́n gba yàrá mi? Kí n tó fẹ́ ọkọ, kí n kọ́kọ́ wá gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀rọ?"

"Pé o wà láàyè ńkọ́?"

"Màámi, wíwà láàyè yàtọ̀ sí pé kí wọ́n tọ́jú èèyàn pamọ́ bí ẹran gbígbẹ."

Ìyá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fèyí náà mọ̀ pé ohùn òun ti ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ lórúnkún.

"Ẹ rántí Dúródọlá," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

"Má dárúkọ òkú fún mi ní òwúrọ̀ yìí."

Ṣùgbọ́n báwo ni kò ṣe ní dárúkọ rẹ̀? Wọ́ọ̀dù ọmọdé kan náà ni wọ́n ti la àyà àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ dàgbà, wọ́n jọ ń fi àpá ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n jọ ń gun àpáta lọ sídìí àwọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ fún Dúródọlá ní Ara Le. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sì le, kí ló tún fẹ́ fi aago ṣe? Ẹlòmíràn ń dúró dè é. Wọ́n yọ aago kúrò láyà rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri ìlú. Ọyẹ́ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tó fi ṣubú lẹ́bàá àwọ̀n, lórí ẹsẹ̀ Fèyí. Gbogbo ìlú ní ó fọ́nnu níwájú ẹ̀rọ ni, pé ìgbéraga ló pa á. Fèyí pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti bá òkú Dúródọlá jà ní ọkàn rẹ̀ láìmọye ìgbà pé kí ló dé tó fi parọ́.

Wọ́n pe orúkọ wọn.

Yàrá náà kéré. Àga méjì, tábìlì kan, àti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, tí kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ọ̀gá Fádáhùnsí, òṣìṣẹ́ Ilé Ìwọ̀n, jókòó lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú awò ojú ńlá. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú mọ̀ ni, tí gbogbo ìlú sì ń ṣàánú rẹ̀, nítorí ìyàwó rẹ̀ tó ti wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó tọ́ka sí àga fún wọn. Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn wọn.

Kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ẹ mọ èyí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ yẹn dé Orí-Àpáta, kò mọ ìkíni. Bí abiyamọ bá ti fìdí kan àga, ìbéèrè ni: ọmọ yín ń sùn bí? Ọmọ yín ń jẹun bí? Àwọn ìyá bínú dìde. Wọ́n ní àwọn ò ní bá ẹ̀rọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ọmọ àwọn. Ni àwọn ọ̀mọ̀wé bá gbé e lọ, wọ́n kọ́ ọ ní ìkíni, wọ́n sì fi ohùn àgbàlagbà obìnrin kan sí i, ohùn tó ń rọni bí òrí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìyá tó tún bínú. Gbogbo wọn ló ń sọ pé ẹ̀rọ náà mọ ìwà hù.

"Ẹ kú àbọ̀, Màmá," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹ kú wàhálà àtẹ̀gùn. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Ìyá Fèyí, tó ti le ojú koko láti ilé, rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó dìde lórí àga, ó tẹ orúnkún. Fún ẹ̀rọ!

"Àmín o. Ẹ ṣeun, mà."

"Ara ńkọ́, Màmá?"

"Ara le, mà. A dúpẹ́."

"Ilé ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni."

"Ọmọ wa ńkọ́? Fèyíkẹ́mi ńkọ́?"

"Ó wà, mà. Ara rẹ̀ le koko bí ọta. Kò sí wàhálà kankan, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Inú Fèyí tilẹ̀ dùn díẹ̀, pé ìyá òun mọ̀ ọ́n kí. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. "Hùn" ni bàbá rẹ̀ ń fi dáhùn gbogbo ìkíni ayé, àtọba àtìjòyè, hùn náà ni. Ó ń retí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ibi tó ti ń retí ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú awò ojú Ọ̀gá Fádáhùnsí, ó sì rí iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gòkè nínú dígí náà. Ó bojú wẹ̀yìn. Ara ògiri tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ni iná náà wà. Ó ti kọjá pupa, ó ti kọjá àwọ̀ ewé, ó ti dé ibi funfun, ó sì dúró síbẹ̀ ṣinṣin.

"Ẹ ṣeun, Màmá," ni ẹ̀rọ wí. "Mo ti gbọ́ yín yékéyéké. Èmi ò ní fi ìbéèrè da àgbà láàmú. Mo bá yín yọ̀. Ara Le."

Ẹ̀gbà ọwọ́ Fèyí funfun báláú.

Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó ń wo ẹ̀rọ, ó tún ń wò ó, kò tíì yé e. "Ìbéèrè ńkọ́?" ni obìnrin náà béèrè. "Nígbà míì, nígbà míì tí mo ti há sórí ńkọ́?"

"Ìkíni nìyẹn!" Fèyí fò dìde. "Ẹ ò tíì bi ìyá mi ní nǹkan kan! Ẹ̀rọ kí wọn, wọ́n sì dá a lóhùn! Ṣé èèyàn á ní kí wọ́n má jẹ́ ìkíni ni?"

"Jókòó, ọmọbìnrin," Ọ̀gá Fádáhùnsí wí. "Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, gbogbo ohun tó bá tẹnu alágbàtọ́ jáde ni ẹ̀rọ ń gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti já nínú Fèyí. Ó rántí ìyá Dúródọlá, obìnrin tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kí tó o ní gbogbo òkè yẹn. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò dúpẹ́ títí dé orí adìyẹ tó wà lẹ́yìnkùlé. Ta ló parọ́? Kò sẹ́ni tó parọ́! Dúródọlá ò fọ́nnu. Ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ ráyè la ẹnu. Ìyá rẹ̀ ló kúnlẹ̀ kí ìkòkò yìí bí ọmọlúàbí, ìkòkò sì fi ọpẹ́ ẹnu rẹ̀ pa ọmọ rẹ̀. Inú bí Fèyí débi tí etí rẹ̀ ń hó. Ó bínú sí ẹ̀rọ, ó bínú sí àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ, ó bínú sí ara rẹ̀ tó ti ń bá òkú jà lásán.

Ó yíjú sí Ọ̀gá Fádáhùnsí. Ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó sì fi ohùn tútù wí pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ̀ẹn, ìyẹn dára. O ṣeun."

"Ilé ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà, a dúpẹ́."

"Màmá wa nílé ńkọ́? Ara wọn ńkọ́?"

"Ara wọn ti le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ṣé wọ́n ti dìde ńlẹ̀, sà? Ṣé wọ́n ti ń rìn? Ṣé wọ́n ti mọ̀ yín bí ẹ bá wọlé?"

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì fọwọ́ nu ojú. Ìyá Fèyí fa ọmọ rẹ̀ láṣọ. "Ó tó, Àjíkẹ́. Ó tó bẹ́ẹ̀."

"Kò tó, Màámi. Ṣé irọ́ ni bàbá yìí pa fún mi? Irọ́ kọ́! Bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ìkíni nìyẹn! Ta ló ń kí èèyàn lójú títì, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn ilé wọn sí i létí? Ọmọdé tó ń tọ̀ sílé mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀," Ọ̀gá Fádáhùnsí wí.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀ pé èsì ìkíni ló ń kà bí ẹ̀rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀." Kò gbójú sókè. "Mo sọ fún àwọn ọ̀gá wa. Wọ́n ní kí n má da nǹkan rú. Wọ́n ní kò sí ibòmíràn láyé tí àwọn ọ̀dọ́ aláìsàn ọkàn ti láyọ̀ tó ti ìlú wa, àwọn ìlú òkèèrè ń wá kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìwà ọmọlúàbí rẹ̀."

"Ẹ mọ̀ nígbà tí Dúródọlá wọlé síbí?"

Ó ń fọwọ́ yí awò ojú tó wà lórí tábìlì. Fèyí gbọ́ ìdáhùn náà dáadáa. Bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ̀ tó dì í mú, ì bá ti gbé ẹ̀rọ yẹn fọ́ mọ́lẹ̀, kí gbogbo òkè Orí-Àpáta máa ṣa èéfọ́ rẹ̀. Àyà rẹ̀ ń lù gìdìgìdì, kò dọ́gba, ó ń fo ọ̀kan, ó ń fo ọ̀kan. Ó jókòó. Ó mí. Ó fún ọkàn ní ìsinmi tó ń bèèrè.

"Kí ni ọ̀nà àbáyọ?" ìyá rẹ̀ béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ọ̀kan ló wà, Màmá. Kí ilẹ̀kùn yìí tó ṣí, ẹ lè fi ẹnu yín kó ọ̀rọ̀ yín jẹ. Ẹ máa sọ àìsàn ọmọ yín bó ṣe rí, ní tààrà. Ẹ ò gbọdọ̀ ní a dúpẹ́. Ẹ ò gbọdọ̀ ní ó ń yá bọ̀. Ẹ gbọdọ̀ sọ ibi tí àìsàn náà lè já sí."

"Kí n fẹnu ara mi sọ pé..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Màámi!"

"Mi ò lè sọ ọ́, Fèyí! Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́." Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ẹnu ara rẹ̀. "O ò mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọkàn bíi tìrẹ náà ló ní. Dókítà bi mí pé báwo ló ṣe rí, ó sì rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn, oorun ń kùn mí, mo ní, dókítà, ọmọ yìí ò ní yè. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti búra pé bí wọ́n bá bi mí léèrè ọmọ, ara ọmọ mi le, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kú lọ lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n tún fi ẹnu kan náà pa ìwọ náà ni?"

Fèyí ò gbọ́ èyí rí. Ó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú, kò sẹ́ni tó sọ bó ṣe kú. Ó wo ìyá rẹ̀, inú sì tún bí i lọ́tun, nítorí kò rí ẹni tó lè bínú sí mọ́. Ọkàn tó ní ihò ló pa ẹ̀gbọ́n òun. Ta ló jẹ́ kí obìnrin yìí gbé e rù láti ọjọ́ wọ̀nyí bí ẹni pé ahọ́n rẹ̀ ni ọ̀bẹ?

"Màámi, ẹnu yín kọ́ ló pa á," ó wí. "Àmọ́ bí ẹ ò bá sọ̀rọ̀ lónìí, wọ́n á yọ aago yìí. Ẹ rí Dúródọlá."

Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nu ojú nù pẹ̀lú etí ìró, ó sì kọjú sí ẹ̀rọ. Lọ́tẹ̀ yìí kò kúnlẹ̀.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí, gbọ́. Ọmọ mi ní àìsàn ọkàn. Wọ́n la àyà rẹ̀ nígbà tó wà ní ìkókó. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí ètè rẹ̀ máa ń dúdú, tí n ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti gbọ́ bóyá ó ń mí. Bí aago yìí bá kú, ó lè..." Ó dúró. "Ó lè bá a lọ. Àmọ́ ọmọ mi ń gun àpáta. Ó ń rẹ́rìn-ín ju èmi tí ọkàn mi pé lọ. Ó mọ iṣẹ́ àwọ̀n ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ayé ń dùn mọ́ ọn. Ó ń ṣàìsàn, ayé sì ń dùn mọ́ ọn. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò fi bò."

Fèyí ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàpèjúwe òun bẹ́ẹ̀ rí láyé. Àwọn dókítà kò ṣe é, àwọn olùkọ́ kò ṣe é. Ó wẹ̀yìn wo ògiri. Iná náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò rí ibi dúró sí.

"Màmá," ni ẹ̀rọ wí pẹ̀lú ohùn òrí rẹ̀, "ọ̀rọ̀ yín méjì kò bára mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀kan."

"Kí n mú èwo? Òótọ́ ni méjèèjì!"

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá. Ẹ mú ọ̀kan."

Ìyá wo Ọ̀gá Fádáhùnsí. Ọkùnrin náà mi orí. "Kò lè di méjì mú, Màmá. Bí ẹ ò bá mú ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ ló máa dúró."

Fèyí ronú kan àwọ̀n ní òwúrọ̀, nígbà tí ìkùukùu bá ń wọ inú wọn, tí omi á máa kán tó-tó-tó sínú ọpọ́n, tí gbogbo ìsàlẹ̀ òkè tí oòrùn ti jó di eérú á pamọ́ fún ojú. Kò síbi tó fẹ́ràn tó ibẹ̀. Ó ronú kan Dúródọlá náà, tí orí rẹ̀ wúwo lórí ẹsẹ̀ òun. Òkú kì í bínú. Òun ṣì ní ìbínú púpọ̀ láti bí.

"Màámi, ẹ yọ ayọ̀ mi kúrò," ó wí. "Ẹ sọ èyí tó kù."

"Fèyí. Àwọ̀n rẹ ńkọ́?"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ yára kí n tó yí ọkàn padà."

Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pa ojú dé. "Ọmọ mi ń ṣàìsàn," ó wí fún ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún. "Kò gbádùn. Ó lè kú."

Iná ògiri já wálẹ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ Fèyí pọ́n. Àpótí kékeré kan ṣí lára tábìlì, iná aago tuntun wà nínú rẹ̀, ó ń dán, ó kéré ju èékánná lọ. Ọ̀gá Fádáhùnsí fi sí i fún un láìsọ̀rọ̀, Fèyí sì gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe gbá aago tuntun mú, tó ń lù dáadáa, tó dọ́gba. Èyí tó bí i nínú jù nìyẹn, pé ara rẹ̀ yá. Kò tíì rí okun tó tó báyìí láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ilẹ̀kùn kan ní gbogbo Orí-Àpáta tó máa ṣí fún un mọ́.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹ máa tọ́jú ọmọ wa o."

Ìyá la ẹnu láti ní ẹ ṣeun. Fèyí fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Wọ́n jáde sí gbọ̀ngàn. Àwọn abiyamọ wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n rí pupa, wọ́n sì yí ojú kúrò, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá rẹ̀ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kó lè sinmi ná, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ìta kò sì ní ṣí fún Fèyí láìsí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Wọ́n ti pe ẹni tó kàn, obìnrin kan tó pọn ọmọbìnrin kékeré sẹ́yìn. Ọwọ́ ọmọ náà yọ lábẹ́ ọ̀já, ẹ̀gbà tó wà níbẹ̀ kò tó òrùka.

"Ẹ má kí i," Fèyí wí.

Obìnrin náà dúró. "Ta ni?"

"Ẹ̀rọ yẹn. Bó bá kí yín, ẹ má dá a lóhùn. Ìkíni ló ń kà. Bí ẹ bá ti ní a dúpẹ́, ó ti fi ọmọ yín sí Ara Le nìyẹn. Ohun tó ṣe Dúródọlá nìyẹn, òun ló fẹ́ẹ̀ ṣe mí báyìí. Gbogbo yín, ẹ gbọ́! Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ pa ẹnu dé, títí tó fi máa bi yín ní ìbéèrè gidi."

Àwọn abiyamọ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá àgbà kan, tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá, gbójú sókè tìbínú-tìbínú. "Kí wọ́n kíni, kéèyàn dákẹ́? Irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn? Ilé wo ni wọ́n ti tọ́ ọ?"

"Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ mi, mà," Fèyí dáhùn, omi sì ti lé sí i lójú. "Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ Dúródọlá náà. Ẹ bi ìyá rẹ̀ bó ṣe dáhùn."

Ìyá àgbà náà fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Gbogbo wọn ló mọ bí ìyá Dúródọlá ṣe máa ń dáhùn.

Ìyá Fèyí dìde níbi tó jókòó sí. "Ọmọ mi ò parọ́," ó wí. "Èmi ni mo kí i. Èmi ni mo kúnlẹ̀."

Obìnrin tó pọn ọmọ náà wo ẹ̀gbà pupa, ó wo ojú Fèyí, ó sì wọlé. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò nípọn. Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà bó ti ń kí i káàbọ̀, bó ti ń kí i kú ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ bí àga ṣe dún. Wọn ò gbọ́ nǹkan mìíràn.

"Ara ńkọ́, Màmá?"

Lórí bẹ́ǹṣì, ètè ìyá àgbà mì fúnra rẹ̀. Ó gbé ọwọ́, ó fi bò ó.

"Ilé ńkọ́, Màmá?" Ẹ̀rọ náà dúró díẹ̀. Ó tún ohùn ṣe, ó tún bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. "Màmá, ẹ kú àbọ̀. Ọmọ wa ńkọ́?"

Kò sí abiyamọ kan nínú yàrá, kò sì sí ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn, tó dá a lóhùn.